Ìrìn-àjò sí Ilẹ̀ Ìgbómìnà: Ta Ni Ó Ni Ère Ẹ̀sìẹ́?

Ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni kókó ọ̀rọ̀ wa, pàápàá jù lọ sí agbègbè Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí a bá dé Ẹ̀sìẹ́, a ó rí ìdí òwe yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ògbó, èyí tí í ṣe àdá kan, ni Odùduwà fún Ọ̀ràngún nígbà tí ó ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àdá yìí ni ó sì ń fi ọ̀nà hàn án. Wọ́n ní láti inú gbólóhùn náà pé ògbó mọ̀nà ni Ìgbómìnà ti jáde. Ìjọba amúnisìn pín àwọn ọmọ ògbó mọ̀nà sí méjì: Ìlá bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ sì bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Títí di òní, Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn yòókù sì wà ní Kwara. Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba kò pín èdè àti oríkì wọn níyà.

Ẹni tí ó bá ti ìhà gúúsù wá yóò rí i bí igbó ti ń fà sẹ́yìn tí ọ̀dàn sì ń gbalẹ̀. Òkè pọ̀, igi igbá àti igi òrí sì fọ́n ká inú oko. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, omi Òwù ń já bọ́ láti orí àpáta tí ó ga ju 100 mítà lọ. Ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde ni ó ń dé inú àwo. Iṣu ni a ń gún níyán, òun náà ni a ń lọ̀ ní elúbọ́ fún àmàlà. Àgbàdo àti ọkà-bàbà ni ẹ̀kọ. Igi igbá ni ó ń fún ọbẹ̀ ní irú. Àwọn Fúlàní darandaran ni ó sì ń gbé wàrà wá sí ọjà.

Nísinsìnyí, a dé Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Òkúta tí ó rọ̀ láti gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ jókòó, wọ́n di irun aláràbarà, àwọn kan sì mú ohun ìjà lọ́wọ́. Àyẹ̀wò tí a ṣe lórí amọ̀ sísun tí a bá níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ní Mamallapuram, ní ilẹ̀ àwọn Támílì ní gúúsù Íńdíà, àkọlé wà lára òkúta tí ń sọ nípa àwọn ọba Pallava tí ó ni iṣẹ́ náà. Ère Ẹ̀sìẹ́ kò ní àkọlé kankan. Àwọn onímọ̀ kan tọ́ka sí Ifẹ̀, àwọn mìíràn tọ́ka sí Núpé, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò tíì parí.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé ti ìjọ CMS, ni ó ṣàwárí ère wọ̀nyí ní 1933. Kí ni a ń pè ní àwárí? Kí ó tó dé, Ọba Ère ti ní olùbọ, a sì ń ṣe ọdún fún un. Ìròyìn ni Ramshaw mú jáde. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rí wọn. Ìròyìn náà ṣàǹfààní, nítorí pé ní 1945 a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni òtítọ́ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́. Ìtàn kan ní àlejò tí a sọ di òkúta ni ère náà. Síbẹ̀ àwọn baba wọn kò sọ pé àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, ‘A bá wọn níbẹ̀ ni.’ Wọn kò gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú wọn. Lójú tèmi, ìtọ́jú yìí ni ó sọ wọ́n di onílé. Ọ̀pọ̀ ère ti kán, orí ọ̀pọ̀ ti kúrò lọ́rùn, olè sì ti jí nínú wọn. Òfin nìkan kò lè dá ohun tí ó kù sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá kó ara yín lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ẹ má ka iye ère nìkan. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú léèrè bí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà náà ni ojú àlejò yóò tó ríran.