Alfa Tí Wọ́n Kó Wá Ní Ẹlẹ́wọ̀n: Ìtàn Yacouba Sylla ti Gagnoa

 Ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ilé; ti ilẹ̀ tí a ti ń jẹun yìí ni.

Ọmọ Soninke ni Alfa Yacouba Sylla, láti Nioro, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí. Ọmọlẹ́yìn Sheikh Hamallah ni. Ní 1929 ó dé Kaédi ní Mọriténíà, ó ń wàásù pé ẹrú àti ọlọ́lá dọ́gba níwájú Ọlọ́run, kí àwọn obìnrin bọ́ wúrà sílẹ̀, kí owó ìdána sì dínkù. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn kan nínú. Ní oṣù kejì 1930 ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì ṣòfò. Ìjọba Faransé kó Yacouba wá sí àtìmọ́lé ní Sassandra, ní etí òkun níhìn-ín. Adzopé ni wọ́n kó ọ̀gá rẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Gagnoa ló jókòó sí, àwọn ọmọlẹ́yìn tó ti ẹ̀wọ̀n dé sì lọ bá a. Wọ́n dá oko, wọ́n ra mọ́tò akẹ́rù, wọ́n ṣòwò, wọ́n kọ́ ilé sinimá. Iṣẹ́ àjọṣe ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Houphouët-Boigny àti ẹgbẹ́ òṣèlú RDA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bamako ní 1946, ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, Yacouba wà lẹ́yìn wọn. Òmìnira dé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1960. Àwọn kan nínú àwọn tó bá RDA rìn di mínísítà. Orúkọ alfa àti oníṣòwò ni òun ń jẹ́ títí ó fi kú ní 1988.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹsẹ̀ ara wa la fi wá, láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò dè wá. Síbẹ̀, ìgbà tí òkú bá sùn tàbí tí ṣọ́ọ̀bù bá jóná la tó ń gbé igbá owó kiri. Wàhálà ló kó àwọn èèyàn Yacouba jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wàhálà lọ, wọn kò tú ká. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ máa wọlé lóṣooṣù, kí a fi dá iṣẹ́ tí yóò gba àwọn ọmọ wa. Ọlọ́run yóò mú wa rí ẹ̀ẹ̀míì.