Àwọn tí Orúkọ Wọn Kúrò Nínú Ìwé Ìjọ

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, àṣà wa ni pé kí a ka orúkọ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kí a ka orúkọ àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níbẹ̀, àwọn Bàbá Ìjọ àti àwọn Ìyá Ìjọ, ẹni tí ó fi agogo tọrẹ àti ẹni tí ó fi dùùrù tọrẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí wọn ní àwọn ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi lé èmi lọ́wọ́ ni láti kọ nípa ìfàsẹ́yìn: kí ni ìdí rẹ̀ tí àwọn tí a ti rì bọmi, tí Bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé lórí, tí wọ́n sì ti bá wa jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, fi kúrò láàrin wa? Kí ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ jẹ́ àlejò wa má ṣe rò pé a gbé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ wá sí ibi àsè. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọn ilẹ̀ Bódìjà fún ilé kíkọ́.

Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ìwé orúkọ ìjọ rí mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ ènìyàn ń gbà kúrò níbẹ̀. Ó lè kú. Ó lè ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Tàbí kí a yọ ọ́. Àwọn tí a yọ ni à ń pè ní apẹ̀yìndà. Ẹni tí ó padà sí ìdí òrìṣà, ẹni tí ó fẹ́ aya kejì, ẹni tí ó di Mùsùlùmí, ẹni tí kò san owó kíláàsì mọ́, ẹni tí ó lọ bá àwọn aládùúrà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi kó gbogbo wọn pọ̀. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, ó sì ti bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí a rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìjímìjí. David Hinderer, ará Jámánì tí C.M.S. rán, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀ padà wá láti máa gbé ìlú náà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Fún ọdún mélòó kan ni owó àti ẹrù láti etí òkun kò fi dé ọ̀dọ̀ wọn bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì ń ta ohun èlò ilé kí wọ́n lè bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìjọ kékeré náà kò tú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà 1867, àwọn ará Abẹ́òkúta dìde sí àwọn òyìnbó, wọ́n ba ilé ìsìn jẹ́, wọ́n sì lé wọn jáde ní ìlú. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá lọ sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n sì ń sin Ọlọ́run níbẹ̀. Ní 1869 ni Hinderer àti aya rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ sì bọ́ sí ọwọ́ Daniel Olúbi àti àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Samuel Johnson, kátíkíìsì ní Àrẹ̀mọ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun kan náà ni ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ogun, kì í ṣe ebi, kì í ṣe lílé ni ó sọ ìwé orúkọ wa di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe é ni ọ̀ràn aya. Ogun ni iṣẹ́ Ìbàdàn ní ayé ìgbà náà. Láti 1877 títí di 1893 ni àwọn ọkùnrin ìlú fi wà ní ibùdó Kírìjì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ di ènìyàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé ńlá, ẹrú, àti aya púpọ̀. Ní 1888 àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà gbogbo ayé pàdé ní Lambeth, wọ́n sì pinnu pé a kò gbọdọ̀ rì ẹni tí ó ní ju aya kan lọ bọmi títí yóò fi wá sábẹ́ òfin Kristi; àwọn aya rẹ̀ ni a lè rì bọmi ní ìgbà mìíràn. Ẹ wo ohun tí èyí mú wá sínú ilé. Ìyá ń jẹ Ara Olúwa, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, bàbá tí ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ náà sì jókòó sẹ́yìn bí àlejò. Èmi kò sọ pé òfin náà burú. Ilé aya kan ni mo gbàgbọ́ pé ó bá Ìwé Mímọ́ mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi sí ẹ̀yìn fún ogún ọdún kò ní pẹ́ mọ ọ̀nà ibòmíràn, àwọn Mùsùlùmí tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ní 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́lẹ́, àpéjọ Lambeth mìíràn gbà pé a lè rì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi pẹ̀lú àwọn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣe ìlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní 1888 ti lọ sí isà òkú.

Ìyapa ti 1891 àti ti 1901 ní Èkó, èmi yóò kọjá lórí wọn ní kíákíá, nítorí pé ọ̀ràn àṣẹ ni wọ́n ju ọ̀ràn ìgbàgbọ́ lọ. Àwọn tí ó jáde ní St. Paul's, Breadfruit, ní 1901 nítorí ohun tí a ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson gbé ìwé àdúrà wa lọ pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó dé lẹ́yìn 1918 ni ó jinlẹ̀.

Ní ọdún náà àrùn inflúẹ́ńsà gba ọ̀nà òkun wọ Èkó, ó sì tàn ká ilẹ̀ wa. Ìjọba ti ilé ìsìn pa ní ibi púpọ̀ kí ènìyàn má baà kó àrùn ran ara wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St. Saviour's, tí Joseph Ṣàdárè jẹ́ olórí wọn, kó ara wọn jọ láti gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ọmọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámi, wà pẹ̀lú wọn. Wọn kò ní in lọ́kàn láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ ni Ṣàdárè, ó ń lọ sí Sínọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ oògùn, tí wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé àlá àti ìran, Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones kò lè gbà á, wọ́n sì jáde ní 1922. Ní 1925 Mósè Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó. Ẹgbẹ́ àdúrà ni òun náà ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ń padà sí ìjọ tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní 1926 a dá Josiah Òṣítẹ̀lú ti Ògèrè, olùkọ́ ìjọ wa tí ó ń kọ́ṣẹ́ kátíkíìsì, dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìran tí ó ń rí. Ní 1930 ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀. Ní ọdún 1930 yẹn náà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà, dúró ní Òkè-Oyè ní Iléṣà, tí ogunlọ́gọ̀ sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Òun pẹ̀lú, inú ìjọ wa ni ó ti wá.

Ìdáhùn wa ní gbogbo ibi wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. A wo ìwé òfin, a sì yọ orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí àwọn ènìyàn náà gbé wá kì í ṣe ti ìwé òfin. Wọ́n ń béèrè pé, bí ọmọ mi bá ń ṣàìsàn ní òru, tí mi ò sì gbọdọ̀ lọ sí ilé babaláwo mọ́, ilé ta ni kí n lọ?

Kò sí ibi tí a ti lè rí ọ̀ràn yìí kedere ju inú ìdílé kan ní Ìbàdàn níhìn-ín lọ. Bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí ní ìlú. Ẹ̀gbọ́n ni Alexander Babátúndé Akínyẹlé, tí a bí ní 1875. Àbúrò ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí a bí ní 1882. Ẹ̀gbọ́n di àlùfáà, ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1933, nígbà tí a sì yà Ìbàdàn sọ́tọ̀ ní 1952, òun ni Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Àbúrò kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ó sì di ènìyàn ńlá nínú ìgbìmọ̀ àti ìdájọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ó fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀, ó bá àwọn ti Faith Tabernacle lọ, àwọn tí ó fi àdúrà nìkan wo àìsàn. Nígbà tí àwọn òyìnbó tí wọ́n pè wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931 bẹ̀rẹ̀ sí lo kuníìnì, tí ìyapa sì dé lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lo oògùn ni ó dúró sí, ó sì di Ààrẹ Christ Apostolic Church. Ní 1955 ó jẹ Olúbàdàn. Ó wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1964, kò fi àdúrà sílẹ̀ nítorí oyè, kò sì fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní 1968.

Ní ti èmi, ó ṣòro fún mi láti gbà pé kí ìyá máa wo ọmọ tí ibà ń pa kí ó má sì fún un ní kuníìnì. Ọlọ́run tí ó dá ewé ni ó dá oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbójú sókè kí ó pe Olúbàdàn Akínyẹlé ní apẹ̀yìndà? Gẹ́gẹ́ bí ìwé wa ti rí, orúkọ tí ó tọ́ sí i nìyẹn, pẹ̀lú ẹni tí ó padà lọ bọ Ògún, lórí ìlà kan náà.

Bódìjà dé ní àkókò yìí. University College ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó sì kó lọ sí àyè tí ó wà títí di òní. Ní 1958 ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tí yóò máa kọ́ ilé sílẹ̀, Bódìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Kúdẹtì àti Àrẹ̀mọ tí ó kàwé fi agboolé sílẹ̀, wọ́n wá gbé inú ilé tí ó ní ọgbà, níbi tí olúkúlùkù ti ń ti géètì rẹ̀. Ní agboolé, bí o kò bá lọ sí ìsìn, ìyá àgbà yóò béèrè kí oòrùn tó wọ̀. Ní Bódìjà kò sí ẹni tí yóò béèrè.

Ní 1970 iná ìsọjí ràn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì, ní ìwọ̀n ibùsọ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ wa. William Kúmúyì, tí a tọ́ dàgbà nínú ìdílé Áńgílíkà, tí ó sì gba oyè ìmọ̀ ìṣirò ní Ìbàdàn ní 1967, ni ó bẹ̀rẹ̀ Deeper Life ní 1973. Josiah Akíndáyọ̀mi tí ó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952, ìjọ C.M.S. ni ó ti ṣe ìrìbọmi. Enoch Adébóyè tí ó gba ipò rẹ̀ pẹ̀lú, ilé Áńgílíkà ni a bí i sí. Bí a bá wo ẹ̀yìn, a ó rí i pé ilé wa ni wọ́n ti ń jáde ní ìran dé ìran. Ní òkè òkun pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni: àwọn ọmọ wa tí ó lọ kàwé ní London, tí ìtẹ́wọ́gbà tí wọ́n rí ní ilé ìsìn tí ó bí tiwa sì tutù, ni ó kún inú Ìjọ Olúwa tí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1964.

Lónìí ìṣọ́ òru wà nínú ìwé ètò wa. Àwẹ̀ wà, àdúrà ìwòsàn wà, a ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí a fi lé olùkọ́ Ògèrè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1926, púpọ̀ rẹ̀ ni a fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n dúró. Àwọn kan dúró, àwọn kan padà wá pẹ̀lú aya àti ọmọ.

Ìfàsẹ́yìn tí ó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe ti àwọn tí ó lọ sí ìjọ kejì. Ẹnìkan wà ní àdúgbò wa, kì í ṣe òun nìkan, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, owó kíláàsì rẹ̀ pé láti oṣù Ṣẹẹrẹ nítorí pé ilé ìfowópamọ́ ni ó fi ń ránṣẹ́, a ń ka orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìkórè, ó sì jẹ oyè ìjọ. Kì í gbàdúrà nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, ó sì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó ti kúnlẹ̀ ní iwájú tábìlì Olúwa. A kò yọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó ń jí ní aago mẹ́rin láti gbàdúrà, tí ó sì ń jọ́sìn ní ilé ńlá tí ó wà lápá kejì títì, òun ni a yọ.

Wọ́n pàdé ní ilé ìsìn wa nígbà tí a sin ìyá wọn, nítorí pé ìyá kò lọ síbikíbi. Èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kìíní. Nígbà tí ó kan Orin Simeoni, ẹ̀gbọ́n wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé, kò rí ojú ewé. Àbúrò ti ń kọ ọ́ lọ láì wo ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi.