Páànù tí Àsíìdì Jẹ

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Command, Múṣin tí kò jìnnà sí yín ni Bruce Onobrakpeya ti ń fi páànù tẹ àwòrán sórí bébà. Ọmọ Ùròbò ni, a bí i ní Agbarha-Otor ní 1932. Olùkọ́ bí tèmi ni, ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963 títí di 1980.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn a fi ìda kun páànù, wọn a fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ha nìkan ni àsíìdì yóò jẹ, níbẹ̀ ni íńkì yóò sì dúró sí. Ṣé ẹ rántí aládìrẹ ẹlẹ́kọ? Ẹ̀kọ ni kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ rẹ̀.

Ní 1967, àsíìdì ba páànù rẹ̀ kan jẹ́. Ẹlòmíràn ìbá jù ú nù. Ó fi gọ́ọ̀mù líle dí i, ó tún un tẹ̀. Àwòrán sì wú jáde lára bébà bí igi tí a gbẹ́. Ọ̀nà yìí ni ó fi ń tẹ ìtàn àtijọ́ àwọn baba wa.

Òun kan náà ni ó ya àwòrán inú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà, èyí tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹ bá mi wo àwọn iwin ibẹ̀ dáadáa.