Ìjọ Àgùdà ní Láfíàjí: Ìtàn Àwọn Àlùfáà àti Ẹni tí ó Ṣáájú Wọn

Bí a bá wo ìwé ìtàn láti mọ ọjọ́ orí ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, 1868 ni a ó bá níbẹ̀. Ọdún náà ni Fadá Pierre Bouche, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá tẹ̀dó sí Èkó, tí ìjọ sì ní àlùfáà tí ń gbé láàárín rẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ọdún yìí fò dá, mo sì rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjọsìn ní Láfíàjí àti Pópó Àgùdà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n ra ara wọn padà tí wọ́n sì ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ ń fi ojú burúkú wo gbogbo ọmọ Áfíríkà, àwọn tí ń bọ̀ pọ̀ sí i. Apá ìlú tí òpópónà Bámgbóṣé àti gbàgede Campos wà lónìí ni púpọ̀ nínú wọn kọ́lé sí. Wọ́n mú orúkọ bíi da Silva, Pereira àti da Rocha bọ̀. Wọ́n sì mú ẹ̀sìn bọ̀, dé ibi pé títí di òní, bí Yorùbá bá ní “ìjọ Àgùdà”, ìjọ Kátólíìkì ni ó ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni àwọn kan nínú àwọn tí ó padà bọ̀ wọ̀nyí.

Àwọn Àgùdà kò ní àlùfáà. Ẹni tí wọ́n ní ni Padre Antonio. Wọn kò fi í joyè àlùfáà rí. Ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn ní Bahia ni ó ti kọ́ àdúrà àti ìlànà ìsìn. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ó sì ń gbàdúrà níbi òkú wọn. Kò lè ṣe Mísà, nítorí àlùfáà nìkan ni òfin ìjọ gbà láàyè láti ṣe é. Síbẹ̀, “Padre”, ìyẹn Fadá, ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ SMA ti Ouidah wá wo Èkó ní 1863, kò bá ilẹ̀ òfìfo: ìjọ ló bá. Ọdún márùn-ún sí i ni wọ́n tún fi dúró kí Bouche tó dé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn bíṣọ́ọ̀bù.

Ọwọ́ àwọn Àgùdà kan náà ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́. 1878 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 1881. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Káfíńtà àti bíríkìlà tí ó kọ́ṣẹ́ ní Bùràsíìlì pọ̀ láàárín wọn, iṣẹ́ wọn kò sì mọ sí ìjọ kan: nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, àwọn Àgùdà náà ni wọ́n ké sí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó díjú. Látìn ni àlùfáà fi ń ṣe Mísà. Faransé ni èdè abínibí àwọn Fadá, Potogí ni àwọn àgbà ìjọ fi ń gbàdúrà, Yorùbá ni gbogbo ilé ń sọ. Lẹ́yìn náà ni òfin ẹ̀kọ́ 1882 wá so owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba mọ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Potogí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ilé ẹ̀kọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìjọ CMS ń kọrin ní Yorùbá, odindi Bíbélì Yorùbá sì wà lọ́wọ́ wọn ní 1884. Àwọn Àgùdà ní láti dúró di ẹ̀yìn ìpàdé àpapọ̀ kejì ní Vatican, tí ó parí ní 1965, kí Mísà tó di ti Yorùbá.

Ní ti àwọn olórí ìjọ, Chausse di bíṣọ́ọ̀bù ní 1891. Pellet, Lang àti Terrien tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Ireland dé. Ní 1965 ni John Kwao Aggey di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tí Bouche ti dé, ọdún 97 ni. Ìjọ tí adúláwọ̀ ti ṣáájú nínú rẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí adúláwọ̀ tó tún darí rẹ̀. Okogie gorí oyè ní 1973, Martins sì tẹ̀ lé e ní 2012.

Katidírà tí a ń rí lónìí kọ́ ni ilé da Silva àti Nobre. 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun, ó parí ní 1939. Ilé ńlá ni, ó sì dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ti lọ. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ilé Ìlọ́jọ̀ ní gbàgede Tinúbú: ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní September 2016.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí wó ni oúnjẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, kò sí ẹran ní ilé Àgùdà. Frejon ni wọn ń jẹ: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè nípọn, pẹ̀lú ẹja àti gaàrí. Wọn a sì bù ú fún aládùúgbò, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ Áńgílíkà tàbí Mùsùlùmí.