Hertz

Iná mànàmáná tó ń wọlé wa kì í ṣàn sójú kan. Ṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan là ń pè ní hertz, láti ara orúkọ Heinrich Hertz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì tó kú ní 1894. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50, ti Amẹ́ríkà 60.

Ṣùgbọ́n 25 ni wọ́n mú ní Niagara ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi ipá omi ṣe iná ní 1895. Kí ló fà á? Wọ́n ti yan ẹ̀rọ tí omi yóò máa yí ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó fẹnu kò lórí iye hertz iná fúnra rẹ̀. Lórí ìyípo yẹn, George Forbes, ẹnjiníà wọn, ń fẹ́ nǹkan bí 17, iléeṣẹ́ Westinghouse ń fẹ́ nǹkan bí 33. Ni wọ́n bá pàdé láàárín. 25 gbé mọ́tò ńláńlá dáadáa, àmọ́ gílóòbù a máa ṣẹ́jú, ìyà gidi sì nìyẹn fún ẹni tó ń kàwé. Síbẹ̀, gúúsù Ontario ní Kánádà lò ó títí di àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó yí i sí 60.