Awọ Ẹlòmíì Lára Ẹni: Iṣẹ́ Ìwádìí Peter Medawar

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bàlúù ológun kan já lulẹ̀ nítòsí ilé Peter Medawar ní ìlú Oxford. Iná jó ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Onímọ̀ nípa ẹranko ni Medawar, kì í ṣe dókítà, síbẹ̀ àwọn dókítà ké sí i bóyá ìmọ̀ rẹ̀ lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ọmọ Lẹ́bánónì ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ọ̀ràn aláìsàn yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí a bá bu awọ lára ènìyàn, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ òun fúnra rẹ̀, yóò mú. Ti ẹlòmíì náà yóò kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ bàjẹ́, yóò sì ṣí dànù. Kí ló fà á?

Ó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí iná jó ní Glasgow Royal Infirmary. Òun àti Thomas Gibson, oníṣẹ́ abẹ, bu awọ lára arákùnrin obìnrin kan tí iná jó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ obìnrin náà lára. Nígbà tó yá, wọ́n tún bu òmíràn lára ọkùnrin kan náà. Ìkejì yìí yára bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká ní awọ náà ló kàn kú fúnra rẹ̀ ni, ìgbà méjèèjì ì bá rí bákan náà. Ara obìnrin náà ti mọ àjèjì yẹn, ó sì rántí rẹ̀, bí ara ọmọ tí èéyi ti mú rí ṣe ń rántí èéyi. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 1943. Ìwádìí tí Medawar ṣe lára ehoro ní Oxford fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn màlúù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Ní 1948, nígbà tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Birmingham, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Donald bi í ní ìpàdé kan ní Stockholm bí a ṣe lè dá ìbejì màlúù tó ti inú ẹyin kan wá mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti inú ẹyin méjì wá. Medawar ní kò le rárá: kí wọ́n pààrọ̀ awọ láàárín wọn, àwọn ẹlẹ́yin kan yóò gbà á, àwọn ẹlẹ́yin méjì yóò kọ̀ ọ́. Òun àti Rupert Billingham, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ oko màlúù lọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìbejì náà ló gba awọ ara wọn, àti akọ àti abo pàápàá, tí kò lè ti inú ẹyin kan náà wá.

Ìdáhùn tó fi ìdánilójú fún Donald já sí asán, kò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàyé rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ mìíràn. Ray Owen ní Wisconsin ti fi hàn ní 1945 pé ibi ọmọ ìbejì màlúù máa ń so pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ń ṣàn sínú èkejì, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì sì ń wà lára wọn títí wọ́n fi dàgbà. Ní 1949, Macfarlane Burnet àti Frank Fenner ní Ọsirélíà dá a lábàá pé inú oyún ni ara ti ń kọ́ ohun tí í ṣe tirẹ̀. Àwa Yorùbá tí a ń bí ìbejì tó báyìí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ti Táíwò àti Kẹ́hìndé. Rárá o. Ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì wa ti wá, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í sábà dà pọ̀ nínú oyún. Ara Kẹ́hìndé yóò ka kíndìnrín Táíwò sí ti àjèjì.

Ní University College London, níbi tí Medawar lọ ní 1951, Leslie Brent dara pọ̀ mọ́ òun àti Billingham nínú ìwádìí náà. Wọ́n gún ọlẹ̀ eku tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku ẹ̀yà mìíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ eku náà dàgbà, wọ́n lẹ awọ ẹ̀yà kejì yẹn mọ́ wọn lára: ó mú lára àwọn kan. Awọ ẹ̀yà kẹta kò mú. Eku àgbà tí a bá sì fún ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò túbọ̀ yára kọ awọ náà. Gbígbà tí ara gba awọ àjèjì láì kọ̀ ọ́ yìí, tí mo ń pè ní ìfaramọ́, ni wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 1953.

Àwọn kan máa ń so kíndìnrín tí Joseph Murray pààrọ̀ ní Boston ní December 1954 mọ́ iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìbejì ẹlẹ́yin kan ni àwọn tó ṣe é fún. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ inú oyún yẹn kò sì ṣeé lò fún ènìyàn bẹ́ẹ̀: ta ló lè mọ̀, nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹni tí yóò fún un ní kíndìnrín lọ́jọ́ iwájú? Ohun tí Medawar fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ni ìdí láti gbà pé odi tí ara ń mọ sí ohun àjèjì ṣeé là kọjá. Ní 1960, òun àti Burnet gba Ẹ̀bùn Nobel, ó sì pín owó tirẹ̀ fún Billingham àti Brent. Lójú tèmi, ó yẹ kí orúkọ Owen wà níbẹ̀.

Ó di olùdarí ilé ìwádìí ìṣègùn ní Mill Hill ní 1962. Ní 1969, rọpárọsẹ̀ kọlù ú níbi tó ti ń ka Bíbélì nínú kàtídírà Exeter. Ó padà sẹ́nu ìwádìí, ní Northwick Park, títí dé apá ìparí ayé rẹ̀ ní 1987. Ìbéèrè àtijọ́ ló ṣì ń lé, àfi pé ó ti yí i síkejì: jẹjẹrẹ tó ń pa ènìyàn, kí ló dé tí ara kì í kọ̀ ọ́ bó ṣe ń kọ awọ ẹlòmíì?