Ààlà Ìlò Ni, Kì í Ṣe Ìsọdi-ẹkùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú: ìsọdi-ẹkùn. Òun ni àwọn kan fi ń túmọ̀ zoning, ìyẹn òfin tí ìlú fi ń sọ ohun tí onílẹ̀ lè kọ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀, ilé ìgbé ni o, ṣọ́ọ̀bù ni o, ilé iṣẹ́ ni o, bí yóò ṣe ga tó, àti bí yóò ṣe jìnnà sí títì tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìsọdi-ẹkùn lójú ìwé, ẹranko inú igbó ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá. Bó bá wá rántí pé a tún ń sọ pé ẹkùn ìdìbò, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni yóò kù sí i lọ́kàn. Kò sí èyí tó máa gbé e dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Texas, ní Chicago àti ní Maryland ti ní ilé tiwọn, wọ́n ń san owó orí ilé, lẹ́tà ìlú sì ń dé bá wọn pé ẹnì kan fẹ́ kọ́ fúláàtì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, pé bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ wí, kí wọ́n wá wí i níwájú ìgbìmọ̀. Lẹ́tà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ìpínlẹ̀ Texas, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn tó ni ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó wà láàárín 200 ẹsẹ̀ bàtà sí ibẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò gbà, ìgbìmọ̀ ìlú ní láti rí ìbò mẹ́ta nínú mẹ́rin kó tó lè yí òfin ilẹ̀ náà padà. Ìwé pélébé kan tí àwọn aládùúgbò díẹ̀ bu ọwọ́ lù lè dá odidi ilé alájà dúró. Ìyá àgbà tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá nílé yóò bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ń wí?" Ó yẹ kí ọmọ rí ohun sọ.

Nílé níbí náà, a nílò rẹ̀. Abala 97 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ti fẹnu kò lé e. Bí aṣòfin kan bá dìde láti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ilé ìgbé tó di báńkì, tàbí èyí tó di gbọ̀ngàn àríyá ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ wo ni yóò mú lò?

Àwọn tó rọrùn kò yẹ kó gba àkókò wa. Ìgbìmọ̀ ìlú dára. Gbà àti ìmọ̀ ló so pọ̀ di gbìmọ̀, àwọn ènìyàn tó ń gba ìmọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ pè é ní káńsù kò ṣẹ̀. Aládùúgbò, onílé, ayálégbé, ìwé ìbéèrè, ìbò: gbogbo wọn ti wà nílẹ̀. Awọnlẹ̀ ń bá sọ̀fẹ́yọ̀ gbé láìjà. Ìyípadà ìlò, fún ilé ìgbé tó fẹ́ di ṣọ́ọ̀bù, yé ọmọdé. Ìpàdé ìta gbangba tó, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti pè é ní ìgbẹ́jọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jà. Ìlànà kan ni mo fẹ́ kí á dì mú níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ìhà méjèèjì yóò fi jiyàn kò gbọdọ̀ ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó jókòó. Bí orúkọ tí a fún nǹkan bá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, a kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìbò la ti dì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọdi-ẹkùn. Àwọn kan sọ pé kí á yá a ní tààrà, kí á pè é ní sóònù. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ọ̀rọ̀ àyálò. Bí mọ́tò, báńkì àti ṣọ́ọ̀bù bá lè di tiwa, kí ló dé tí sóònù kò ní lè di tiwa? Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ti di tiwa, ṣùgbọ́n níbòmíràn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ẹgbẹ́ onímọ́tò, ìpín ìṣàkóso ni sóònù. Nínú òṣèlú Nàìjíríà, zoning ni kí ẹgbẹ́ sọ pé apá ibi báyìí ni ipò ààrẹ yóò ti wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó ń ka ìròyìn láti Ìbàdàn yóò rò pé ìgbìmọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń pín ipò ni. Nítorí náà, ká fi sóònù sílẹ̀ fún àwọn tó ti ni ín.

Ó yá, ká lọ sínú èdè wa. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí á mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan, kí á so ó mọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyanu wà, torí ilẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa débi pé ibi tí ènìyàn bá fẹ́ wọ̀ ti lálejò. Ẹ so pín mọ́ ilẹ̀, ẹ ó bá ìpínlẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́ ààlà láyé àtijọ́ tó sì ti di orúkọ Ọ̀yọ́ àti Èkó lónìí. Ẹ so dà mọ́ ọn, ọ̀dàlẹ̀ ló máa jáde. Ẹ so wọ̀n mọ́ ọn, awọnlẹ̀ ti jókòó síbẹ̀. Ìlò ilẹ̀ nìkan ì bá tó, ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, èyí tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ti gbà á, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ sì ni ìyẹn, kì í ṣe ohun tí a ó kọ́ sórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ atúmọ̀ èdè ń gbèjà ìyàsọ́tọ̀. Ó ní ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé ìgbé ni, ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ni. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mo sọ pé kí á má ṣe dá ni ìyàsọ́tọ̀ dá. Ní ọdún 1917, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin ìlú Louisville tó ní kí aláwọ̀ dúdú má gbé ní àdúgbò tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1917 yẹn kan náà ni ìjọba Lugard gbé òfin ìlú jáde ní Nàìjíríà, lábẹ́ ètò tó ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni ìyàsọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń jiyàn pé òfin ilé kíkọ́ tún ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, àwọn mìíràn sì ń sọ pé rárá. Bí a bá fi ìyàsọ́tọ̀ pe òfin náà, àwọn tó ní rárá kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ mọ́ ní èdè Yorùbá.

Ohun tí mo fara mọ́ ni ààlà ìlò. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ààlà. A mọ pèrègún tí wọ́n gbìn sí i, a mọ ìjà tó máa ń ti ibẹ̀ wá, a mọ ẹni tó kọjá ààyè rẹ̀. Ìlú àtijọ́ náà sì ní ààlà ìlò, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: ọjà ọba níwájú ààfin, agbo ilé yí i ká, àkìtàn lẹ́yìn ilé, oko etílé, igbó orò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dáko. Ọ̀rọ̀ náà tún bímọ dáadáa. Zone kan ni ààlà ìlò kan. Bí wọ́n bá yí i padà, ìgbìmọ̀ tún ààlà ìlò fà. Bí ìgbìmọ̀ bá gba ẹnì kan láyè kó yẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan, wọ́n fún un ní ìyọ̀ǹda ààlà. Ẹ gbé e wò nínú gbólóhùn: Houston kò ní òfin ààlà ìlò, àwọn olùdìbò ibẹ̀ kọ̀ ọ́ ní 1948, ní 1962 àti ní 1993, àdéhùn tí wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò fi ń dáàbò bo ara wọn. Gbólóhùn yẹn dúró, kò sì gbe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju èyí lọ. Ní Amẹ́ríkà, ààlà ìlò tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó gba ilé kan ṣoṣo láyè lórí ilẹ̀ kan, fún ohun tí àwọn ń pè ní ẹbí kan. Àwọn atúmọ̀ èdè sáré kọ ọ́ pé ilé ẹbí kan. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ní etí wa! Ilé ẹbí kan lọ́dọ̀ wa ni agbo ilé: bàbá àgbà, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọkùnrin àti ìyàwó wọn, ọmọ àbúrò tó wá kọ́ṣẹ́, ọgbọ̀n ènìyàn lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń dènà gan-an ni ìtumọ̀ náà ń ṣàpèjúwe. Kì í sì í ṣe àròsọ. Ní East Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n gbé ìyá àgbà kan, Inez Moore, lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílé. Ọmọ-ọmọ mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ náà kì í sì í ṣe ọmọ bàbá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Òfin ìlú náà ní ìyẹn kì í ṣe ẹbí. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 5 àti owó ìtanràn dọ́là 25 fún un. Ọdún 1977 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ìbò 5 sí 4. Tí ẹ bá ka ìtàn yìí fún Yorùbá kan, tí ẹ sì pe òfin náà ní ilé ẹbí kan, yóò bi yín pé kí wá ni ìyá náà ṣe?

Ìdílé kò ṣeé lò fún ìdí kan náà. Ìdí ilé ni, gbòǹgbò ni, òun náà gbòòrò. Kí ni òfin náà ń kà gan-an? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ohun tó ń sọ ibùgbé kan di méjì ni ilé ìdáná. Bí ilé bá ní ibi ìdáná kan, ibùgbé kan ni; bó bá ní méjì, méjì ni. Èyí bá èrò wa mu, torí pé lọ́dọ̀ wa náà, ẹni tó ń dá ìkòkò tirẹ̀ kaná ti dá dúró. Mo kọ́kọ́ ronú sí ilé aláàrò kan, ṣùgbọ́n tí a bá dé ilé aláàrò mẹ́ta, ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù yóò gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, ìkòkò kan ṣoṣo ni ìyẹn sì ń gbé. Nítorí náà, ilé onídàáná kan, onídàáná méjì, onídàáná mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìdána ìyàwó ni. Pẹ̀lú rẹ̀, a lè sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Minneapolis ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 láìkọsẹ̀: ìgbìmọ̀ ìlú dìbò 12 sí 1 láti fi òpin sí ààlà ìlò tó jẹ́ ti ilé onídàáná kan nìkan, wọ́n gba onídàáná mẹ́ta láyè lórí ilẹ̀ kan.

Kò jìnnà sí East Cleveland ni Euclid wà, ìlú tí ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 1926 fìdí ààlà ìlò múlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nínú ìdájọ́ náà, Adájọ́ Sutherland fi ilé fúláàtì tó wọ àdúgbò àwọn ilé onídàáná kan wé àfòmọ́. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ohun tó fò, tó sì mọ́ igi onígi lára nìyẹn. Òun náà sì ni àwọn onímọ̀ gírámà wa mú fún ègé ọ̀rọ̀ tó ń so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn láti bí tuntun. Láìsí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ìgbìmọ̀, kò ní sí àtakò, kò ní sí awọnlẹ̀.

Àtakò ni mo sì fẹ́ fún ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò, kì í ṣe ẹ̀hónú. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn ẹ̀hónú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ hó àti inú nínú rẹ̀, inú tó ń hó bí omi orí iná. Ẹni tó fi sùúrù kọ̀wé pé omi àgbàrá yóò ya wọ ilé òun bí wọ́n bá fi kọnkéré bo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kò hó. Ó ta kò, ó sì ní ìdí. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ni ẹ̀hónú ń gbè, torí ó sọ àwọn yòókù di oníbìínú. Bákan náà ni mo kọ "kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé mi" tí àwọn kan mú tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ibi tí ọ̀tá ti ń ṣọ́ni ni ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ wa. Èébú fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé sítòsí òun ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ èébú, kọ́-ọ-síbòmíràn ń dún bí ẹnu ọjà, ṣùgbọ́n kí ó má wọ ìwé ìgbìmọ̀.

Ìyókù yá. Ìfúnpọ̀ ilé ń gbè sẹ́yìn àwọn alátakò, ta ló fẹ́ kí á fún òun pọ̀? Ẹ sọ pé iye ilé lórí pílọ́ọ̀tì kan, ó tán. Ilé olówó pọ́ọ́kú ń mú kí ilé náà dà bí ọjà òkùtà. Ilé tí apá ká ló bá ìṣirò Amẹ́ríkà mu, níbi tí wọ́n ń wo bóyá owó ilé kò kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń wọlé fún ẹni.

Mo rántí wolé-wolé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn rán òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wọ àgbàlá wa, kò sí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìperí tó jókòó. Àwọn ìyá wa wo ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe, wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì dúró. Mo fẹ́ bẹ àwọn olóòtú àti atúmọ̀ èdè pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìsọdi-ẹkùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba lẹ́tà ìlú ní òkè òkun, tí ẹ ń jókòó nínú ìpàdé wọ̀nyẹn tí ẹ sì ń padà wálé sọ ọ́ fún àwọn òbí yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò sílẹ̀. Bó bá dára ju ààlà ìlò àti ilé onídàáná kan lọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ lò ó.